Ìgbáyé-gbádùn ológbò ilé

Ìgbáyé-gbádùn ológbò ilé ni ipò tí ara àti ọkàn ológbò wà nígbà tí ó bá ń gbé lọ́dọ̀ ènìyàn. Ó kan bí ó ṣe ń jẹun, bí ara rẹ̀ ṣe le sí, bí ibùgbé rẹ̀ ṣe rí, bí ó ṣe ń rí àyè hu ìwà tí a dá mọ́ ọn, àti bóyá inú ìbẹ̀rù tàbí inú ìfọ̀kànbalẹ̀ ni ó ń gbé. Ológbò ilé, tí orúkọ rẹ̀ nínú ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì ń jẹ́ Felis catus, jẹ́ ọ̀kan lára àwọn ohun ọ̀sìn tí ó wọ́pọ̀ jù lọ ní àgbáyé, síbẹ̀ ó wà lára àwọn tí ènìyàn máa ń ṣì lóye jù. Ohun méjì ni ó fà á. Èkíní ni pé ológbò a máa fi ìrora rẹ̀ pamọ́. Èkejì ni pé ọ̀pọ̀ ènìyàn a máa fi ìwà ajá, tàbí ìwà ọmọ ènìyàn, díwọ̀n tirẹ̀. Nítorí náà ni àwọn onímọ̀ fi gbà pé ẹ̀dá ológbò fúnra rẹ̀ ni ó yẹ kí a fi ṣe òṣùwọ̀n, kì í ṣe bí ẹni tí ó ń sìn ín ṣe fẹ́ràn rẹ̀ tó.

## Ìbẹ̀rẹ̀ èrò náà

Ní ọdún 1965, ìgbìmọ̀ kan tí ìjọba ilẹ̀ Britain gbé kalẹ̀, tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Brambell jẹ́ alága rẹ̀, gbé ìròyìn jáde lórí bí a ṣe ń tọ́jú ẹran ní oko ọ̀sìn. Ìròyìn náà sọ pé ó kéré tán, ẹranko gbọ́dọ̀ ní àyè láti dìde, láti dùbúlẹ̀, láti yí padà, láti tún ara rẹ̀ ṣe, àti láti na apá àti ẹsẹ̀ rẹ̀. Ní ọdún 1979, ìgbìmọ̀ tí ó ń rí sí ìgbáyé-gbádùn ẹran oko ní ilẹ̀ náà sọ ọ̀rọ̀ yìí di òmìnira márùn-ún:

* òmìnira kúrò lọ́wọ́ ebi àti òùngbẹ;
* òmìnira kúrò lọ́wọ́ ìnira ibùgbé;
* òmìnira kúrò lọ́wọ́ ìrora, ọgbẹ́ àti àìsàn;
* òmìnira láti hu ìwà tí a dá mọ́ ẹranko náà;
* òmìnira kúrò lọ́wọ́ ìbẹ̀rù àti ìpayà.

Ẹran oko ni a kọ́kọ́ ṣe ìlànà yìí fún, ṣùgbọ́n nígbà tí ó yá, a bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó fún ajá, ológbò àti àwọn ẹranko mìíràn tí ń bá ènìyàn gbé. Ní ọdún 1994, David Mellor àti Cam Reid ní ilẹ̀ New Zealand gbé ìlànà mìíràn jáde tí ó pín ọ̀rọ̀ náà sí ọ̀nà márùn-ún: oúnjẹ, àyíká, ìlera, ìwà, àti ipò ọkàn. Wọ́n ka mẹ́rin àkọ́kọ́ sí ohun tí ń já sí ìkarùn-ún, ìyẹn ohun tí ẹranko náà ń mọ̀ lára. Gẹ́gẹ́ bí èrò yìí, kò tó kí ebi má pa ológbò. Ó tún yẹ kí ó ní ohun tí ó ń mú inú rẹ̀ dùn.

## Orísun ológbò àti ìwà rẹ̀

Ìwádìí DNA tí a tẹ̀ jáde ní ọdún 2007 fi hàn pé ológbò ilé ṣẹ̀ wá láti ara ológbò ìgbẹ́ tí ń jẹ́ Felis lybica, èyí tí ó ń gbé ní Áfíríkà àti ní Àárín Ìlà-Oòrùn. A gbà pé ọkà tí àwọn àgbẹ̀ ìgbàanì kó jọ ni ó fa eku wá, tí eku sì fa ológbò wá. Ní erékùṣù Kíprù, àwọn awalẹ̀pìtàn rí ibojì kan tí ó ti tó nǹkan bí 9,500 ọdún, níbi tí a sin ènìyàn kan àti ológbò kan sí nítòsí ara wọn. Ọdún 2004 ni wọ́n kéde rẹ̀. Màlúù, àgùntàn àti ajá jẹ́ ẹranko tí ènìyàn ṣà bí láti ìran dé ìran fún iṣẹ́ tí ó fẹ́ kí wọ́n ṣe. Ní ti ológbò, òun ni ó wá bá ènìyàn, ìwà rẹ̀ kò sì fi bẹ́ẹ̀ yí padà kúrò ní ti bàbá ńlá rẹ̀ inú igbó.

Ohun mẹ́ta nínú ìwà ìran yìí ni ó ṣe pàtàkì fún ẹni tí ó fẹ́ mọ ohun tí ológbò nílò. Àkọ́kọ́, ọdẹ tí ń dá ṣọdẹ ni. Ẹran kékeré ni ó ń pa, òun nìkan ni ó sì ń jẹ ẹ́, lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan ní ọ̀pọ̀ ìgbà lójúmọ́. Ìkejì, ó ní ilẹ̀ tirẹ̀ tí ó mọ̀ dáadáa, tí ó sì ń fi òórùn ara rẹ̀ sàmì sí. Ìkẹta, bí ó tilẹ̀ jẹ́ ọdẹ, àwọn ẹranko tí ó tóbi jù ú lọ lè pa òun náà jẹ. Ẹranko tí ó bá fi hàn gbangba pé ara òun kò dá, ó ti fi ara rẹ̀ han ọ̀tá. Nítorí èyí ni ológbò fi máa ń sá pamọ́, tí ó máa ń gun ibi gíga, tí ó sì máa ń dákẹ́ nígbà tí nǹkan bá ń ṣe é.

## Bí a ṣe ń mọ ipò tí ológbò wà

Ìdákẹ́jẹ́ ológbò kì í ṣe ẹ̀rí pé ara rẹ̀ dá. Ohun tí ó ń fi hàn jù ni ìyípadà nínú àṣà rẹ̀ ojoojúmọ́. Lára àwọn àmì tí ó yẹ kí a kíyè sí ni pé kí ó dín oúnjẹ kù, kí ó máa sá pamọ́ ju ti àtẹ̀yìnwá lọ, kí ó dẹ́kun fífi ahọ́n tún irun rẹ̀ ṣe tàbí kí ó máa lá ojú kan títí irun ibẹ̀ yóò fi re, kí ó máa tọ̀ sí ibi tí kò ti ń tọ̀ tẹ́lẹ̀, tàbí kí ó má lè fò gun ibi tí ó ti máa ń gùn. Ọ̀pọ̀ ènìyàn a máa sọ pé ológbò tí kò fò mọ́ ti darúgbó ni. Ṣùgbọ́n nígbà tí àwọn olùwádìí yẹ àwòrán X-ray 100 ológbò tí ó ju ọdún 12 lọ wò, tí wọ́n sì tẹ àbájáde rẹ̀ jáde ní ọdún 2002, 90 nínú wọn ni a rí àmì àrùn oríkèé ara lára wọn. Ohun tí a ń pè ní ogbó lè jẹ́ ìrora tí ó ní ìtọ́jú.

Ní ọdún 2019, àwọn olùwádìí ní Yunifásítì Montréal ní ilẹ̀ Kánádà gbé òṣùwọ̀n kan jáde tí a fi ń ka ìrora lójú ológbò. Ohun márùn-ún ni a ń wò: bí etí ṣe dúró, bí ojú ṣe fún pọ̀ tó, bí ẹ̀gbẹ́ imú àti ẹnu ṣe le tó, bí irunmú ṣe nà, àti bí orí ṣe ga sí èjìká. A óò fún ọ̀kọ̀ọ̀kan ní òǹkà láti 0 títí dé 2. Bí àpapọ̀ rẹ̀ bá ṣe pọ̀ tó ni ìrora náà ṣe pọ̀ tó.

Kíkùn tí ológbò máa ń kùn nínú ọ̀fun kì í fi ìgbà gbogbo jẹ́ àmì ìdùnnú. Ológbò tí ó wà nínú ìrora, tàbí tí ó ń kú lọ pàápàá, lè máa kùn. Bákan náà, ìrù tí ológbò ń jù síhìn-ín sọ́hùn-ún kì í ṣe ìdùnnú bí ti ajá; ó sábà máa ń fi hàn pé inú ń bí i tàbí pé ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀. Ìrù tí ó nà sókè gan-an nígbà tí ó ń bọ̀ wá bá ènìyàn ni ìkíni. Etí tí ó tẹ́ sẹ́yìn, ara tí ó ká kò, àti ẹyinjú tí ó fẹ̀ jẹ́ àmì ìbẹ̀rù.

## Oúnjẹ àti omi

Ẹran ni ológbò gbọ́dọ̀ jẹ kí ó tó lè wà láàyè. Ara rẹ̀ kò lè ṣe àwọn èròjà kan tí ara ènìyàn àti ti ajá lè ṣe fúnra wọn láti inú oúnjẹ mìíràn. Ọ̀kan nínú wọn ni taurine, tí ó wà nínú ẹran, ẹja àti àwọn ẹran inú òkun. Bí kò bá tó nínú oúnjẹ ológbò, awọ inú ẹyinjú tí ń gba ìmọ́lẹ̀ yóò bàjẹ́, ó sì lè fọ́jú. Ní ọdún 1987, Paul Pion àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní ìpínlẹ̀ Kalifọ́níà fi hàn pé àìtó èròjà yìí náà ni ó ń fa àrùn kan tí ń sọ ọkàn ológbò di fẹ̀ǹfẹ̀ tí kò sì lágbára mọ́. Lẹ́yìn tí àwọn ilé iṣẹ́ fi kún èròjà yìí nínú oúnjẹ ológbò, àrùn náà di ohun tí ó ṣọ̀wọ́n. Bẹ́ẹ̀ ni ológbò kò lè sọ àwọ̀ pupa inú kárọ́ọ̀tì àti ewébẹ̀ di fítámì A. Inú ẹran, pàápàá inú ẹ̀dọ̀, ni ó ti ń rí i.

Láti inú èyí ni a ti lè rí i pé oúnjẹ ajá kò tó fún ológbò, àti pé ẹ̀bà, ìrẹsì tàbí búrẹ́dì tí a fi omi ọbẹ̀ pò kò lè gbé e ró fún ìgbà pípẹ́. Kì í ṣe gbogbo oúnjẹ ènìyàn ni kò ṣe é lára. Ẹran tàbí ẹja tí a sè láìfi iyọ̀, ata àti àlùbọ́sà sí, tí a sì yọ egungun rẹ̀ kúrò, wúlò fún un. Ṣùgbọ́n ẹja nìkan, pàápàá ní tútù, kò dára fún un lójoojúmọ́, nítorí àwọn ẹja kan ní èròjà kan tí ń ba fítámì B1 jẹ́. Àlùbọ́sà àti aáyù, ìbáà jẹ́ tútù tàbí sísè, ń ba ẹ̀jẹ̀ ológbò jẹ́. Ṣokoléètì jẹ́ májèlé fún un. Ọ̀pọ̀ ológbò tí ó ti dàgbà ni wàrà màlúù máa ń fún ní ìgbẹ́ gbuuru.

Omi tí ó mọ́ gbọ́dọ̀ wà ní gbogbo ìgbà, pàápàá fún èyí tí ó ń jẹ oúnjẹ gbígbẹ. Ìsanra àsanjù náà jẹ́ ewu, nítorí ó ń fa àtọ̀gbẹ àti ìrora oríkèé. Ohun tí ó tún yẹ kí a mọ̀ ni pé ológbò kò gbọ́dọ̀ gbààwẹ̀. Bí èyí tí ó sanra bá lọ ní ọjọ́ mélòó kan láìjẹun, ọ̀rá lè kún inú ẹ̀dọ̀ rẹ̀, èyí sì lè pa á. Nítorí náà, kò dára kí a fi ebi fipá mú un jẹ oúnjẹ tí kò fẹ́.

## Ibùgbé

Ní ọdún 2013, ẹgbẹ́ àwọn dókítà ológbò ti Amẹ́ríkà àti ẹgbẹ́ irú rẹ̀ tí ó jẹ́ ti àgbáyé jọ gbé ìlànà kan jáde lórí ohun tí ológbò nílò ní àyíká rẹ̀. Wọ́n pè é ní òpó márùn-ún.

Òpó kìíní ni ibi ààbò. Ológbò nílò ibi tí ó lè sá sí, tí ẹnikẹ́ni kì í ti í fà á jáde. Páálí tí a dojú rẹ̀ kọ ẹ̀gbẹ́ tàbí pẹpẹ gíga kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri tó fún èyí.

Òpó kejì ni pé kí àwọn ohun tí ó ń lò pọ̀ tó, kí wọ́n sì jìnnà síra: oúnjẹ, omi, ibi tí ó ń yàgbẹ́ sí, ibi tí ó ń họ, ibi ìsinmi. Ológbò kì í fẹ́ jẹun nítòsí ibi tí ó ń yàgbẹ́ sí. Níbi tí ológbò bá ti ju ẹyọ kan lọ, ìmọ̀ràn tí a sábà máa ń gbà ni pé kí iye páànù oníyanrìn fi ẹyọ kan ju iye ológbò lọ, kí a má sì kó wọn jọ sí ojú kan, nítorí ológbò kan lè dènà de èkejì láìjà rárá.

Òpó kẹta ni àyè láti ṣeré àti láti ṣọdẹ. Okùn tí a so ìyẹ́ mọ́ nídìí, tí a ń wọ́ nílẹ̀ fún ìṣẹ́jú díẹ̀ ní ọ̀pọ̀ ìgbà lójúmọ́, ń fún un ní ohun tí eku ìbá fún un. Ọwọ́ ènìyàn kò yẹ ní ohun ìṣeré, nítorí bẹ́ẹ̀ ni ọmọ ológbò ṣe ń kọ́ láti máa bu ènìyàn jẹ.

Òpó kẹrin ni kí ìbálò ènìyàn pẹ̀lú rẹ̀ jẹ́ èyí tí ó dára, tí kò sì ń yí padà lójijì. Òpó karùn-ún ni kí a bọ̀wọ̀ fún agbára imú rẹ̀. Bí ológbò bá ń fi ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ nu ara àga tàbí ẹsẹ̀ ènìyàn, òórùn tirẹ̀ ni ó ń fi síbẹ̀, ibi tí òórùn náà bá sì wà ni ọkàn rẹ̀ ti ń balẹ̀. Òórùn oògùn ìfọlẹ̀ tí ó le àti lọ́fínńdà a máa dà á láàmú.

Họ́họ́ tí ológbò ń fi èékánná họ nǹkan wà lára ìwà àdánidá rẹ̀. Ó fi ń pọ́n èékánná, ó fi ń na ara, ó sì fi ń sàmì sí ilẹ̀ rẹ̀. Igi tí ó dúró ṣinṣin, tí ó ga tó kí ó na ara tán, tí a fi okùn wé, yóò gba àga ilé lọ́wọ́ rẹ̀. Ní àwọn ibì kan, ènìyàn a máa ní kí a yọ èékánná ológbò kúrò pátápátá. Kì í ṣe èékánná nìkan ni a ń yọ nínú iṣẹ́ abẹ yìí. Eegun ìkẹyìn ìka kọ̀ọ̀kan ni a ń gé. Ilẹ̀ Ísírẹ́lì fòfin dè é ní ọdún 2011, ìpínlẹ̀ New York sì ni ó kọ́kọ́ fòfin dè é nínú àwọn ìpínlẹ̀ Amẹ́ríkà, ní ọdún 2019.

## Àjọṣe pẹ̀lú ènìyàn àti pẹ̀lú ológbò mìíràn

Láti nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 2 sí ọ̀sẹ̀ 7 lẹ́yìn ìbí ni ọmọ ológbò ń kọ́ ohun tí kò yẹ kí ó bẹ̀rù. Èyí tí ènìyàn bá fi pẹ̀lẹ́ gbé mọ́ra ní àsìkò yìí yóò sábà fẹ́ràn ènìyàn nígbà tí ó bá dàgbà. Èyí tí kò rí ènìyàn rí títí àsìkò náà fi kọjá lè máa bẹ̀rù jálẹ̀ ayé rẹ̀, kì í sì í ṣe ìyà ni ó yẹ kí a fi jẹ ẹ́ nítorí rẹ̀.

Èrò tí ó gbilẹ̀ pé ilé nìkan ni ológbò fẹ́ràn, pé kò ka ènìyàn sí, kò bá ìwádìí mu. Ní ọdún 2013, àwọn olùwádìí Yunifásítì Tókíò fi hàn pé ológbò mọ ohùn ẹni tí ó ń tọ́jú rẹ̀ yàtọ̀ sí ti àlejò. Kò dáhùn pẹ̀lú igbe. Etí àti orí rẹ̀ ni ó yí. Ní ọdún 2019, ìwádìí Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Oregon ní Amẹ́ríkà rí i pé nǹkan bí 64 nínú 100 ọmọ ológbò ni ọkàn wọn ń balẹ̀ nígbà tí ẹni tí ń tọ́jú wọn bá padà wọlé, tí wọ́n á sì bẹ̀rẹ̀ sí í wo àyíká kiri láìbẹ̀rù. Ní ọdún 2020, ìwádìí Yunifásítì Sussex ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi hàn pé bí ènìyàn bá wo ológbò, tí ó sì ń fi pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ pa ojú dé, ológbò a máa ṣe bákan náà padà, ó sì ń rọrùn fún un láti sún mọ́ àlejò tí ó bá ṣe bẹ́ẹ̀.

Ohun tí ológbò fẹ́ ni kí òun gan-an bẹ̀rẹ̀ ìfarakanra, kí ó sì lè kúrò nígbà tí ó bá tó o. Ẹ̀rẹ̀kẹ́, abẹ́ àgbọ̀n àti ìdí etí ni ibi tí ọ̀pọ̀ wọn fẹ́ kí a fọwọ́ pa. Ikùn àti ìdí ìrù kọ́. Lílù àti ìjágbe mọ́ ọn kì í kọ́ ọ ní ẹ̀kọ́ kankan bí kò ṣe láti bẹ̀rù ẹni tí ó lù ú. Bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe gbogbo ológbò ni ó fẹ́ ẹnì kejì. Àwọn tí a bí pọ̀ tàbí tí wọ́n jọ dàgbà lè máa sùn léra wọn, ṣùgbọ́n ológbò àgbà tí a mú àjèjì wá bá lójijì lè gbé ọ̀pọ̀ ọdún nínú ìdààmú tí olùtọ́jú rẹ̀ kò rí.

## Ìlera

Abẹ́rẹ́ àjẹsára wà fún àwọn àrùn tí ń pa ológbò jù, lára wọn ni àrùn ìfun tí ń pa ọmọ ológbò, ọ̀fìnkìn ológbò àti digbòlugi. Digbòlugi ń ran ènìyàn, bí àmì rẹ̀ bá sì ti yọ, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí ẹni tí ó ń là á. Ẹni tí ológbò bá bù jẹ tàbí tí ó ha lára gbọ́dọ̀ fi ọṣẹ àti omi tí ń ṣàn fọ ojú ọgbẹ́ náà fún ìṣẹ́jú 15, kí ó sì lọ sí ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀.

Abo ológbò lè lóyún láti nǹkan bí oṣù mẹ́rin lẹ́yìn ìbí rẹ̀. Oyún rẹ̀ kò ju nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 9 lọ, ó sì lè tún lóyún nígbà tí ó ṣì ń fọ́mọ lọ́mú. Nítorí èyí, títẹ akọ lọ́dàá àti iṣẹ́ abẹ fún abo kí ó má baà lóyún mọ́ ni ọ̀nà tí ó dájú jù láti dín ọmọ ológbò tí a ń jù nù kù. Ó tún ń dín ìjà àwọn akọ kù, àti àrùn tí ń ti ojú ọgbẹ́ ìjà wọlé.

Akọ ológbò tí ó ń lúgọ́ láti tọ̀ tí ìtọ̀ kò jáde wà nínú ewu ikú láàárín ọjọ́ kan tàbí méjì. Kì í ṣe ohun tí a ń dúró dè kí ilẹ̀ mọ́.

Oògùn ènìyàn kò yẹ fún ológbò. Ẹ̀dọ̀ rẹ̀ kò lè pa oró paracetamol, hóró kan ṣoṣo sì tó láti pa á. Permethrin, tí ó wà nínú oògùn eégbọn ajá kan, ń mú kí ó máa gbọ̀n, ó sì lè pa á. Gbogbo ara òdòdó lílì, títí kan àtíkè òdòdó rẹ̀, ń ba kíndìnrín rẹ̀ jẹ́.

Ọ̀pọ̀ aláboyún ni a ń sọ fún pé kí wọ́n lé ológbò jáde nílé nítorí àrùn toxoplasmosis. Òótọ́ ni pé kòkòrò àrùn náà ń bá ìgbẹ́ ológbò jáde, ó sì lè ba ọmọ inú oyún jẹ́. Ṣùgbọ́n ó ń gbà tó ọjọ́ 1 sí 5 lẹ́yìn tí ìgbẹ́ náà jáde kí ó tó lè ran ẹnikẹ́ni. Bí ẹlòmíràn bá ń kó ìgbẹ́ náà dànù lójoojúmọ́, tí aláboyún ń fọ ọwọ́ àti ewébẹ̀ rẹ̀ dáadáa, tí kò sì jẹ ẹran tí kò jinná, kò sí ìdí tí ó fi gbọ́dọ̀ lé ológbò rẹ̀ lọ.

## Inú ilé tàbí ìta

Àwọn onímọ̀ kò fohùn ṣọ̀kan lórí bóyá ó yẹ kí ológbò máa jáde. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé dídè é mọ́lé ń dá a dúró láti hu ìwà rẹ̀. Ní Amẹ́ríkà, ìmọ̀ràn tí ó wọ́pọ̀ ni pé kí ó máa gbé inú ilé, nítorí ọkọ̀, àrùn àti àwọn ẹranko ńlá. Ọ̀rọ̀ ẹranko ìgbẹ́ náà wà nínú rẹ̀: ìwádìí kan tí a tẹ̀ jáde ní ọdún 2013 ṣírò pé ológbò ń pa ẹyẹ bílíọ̀nù 1.3 sí 4.0 lọ́dọọdún ní Amẹ́ríkà, àwọn tí kò ní olówó ni ó sì ń pa èyí tí ó pọ̀ jù. Ohun tí a kò jiyàn lé ni pé ológbò tí a kò jẹ́ kí ó jáde ti fi gbogbo ayé rẹ̀ sí ọwọ́ ẹni tí ó ń tọ́jú rẹ̀. Òpó márùn-ún tí a sọ lókè wá di ọ̀ranyàn fún ẹni bẹ́ẹ̀.

## Òfin

Òfin Ìgbáyé-gbádùn Ẹranko ti ọdún 2006, tí ó wà fún Ẹ́ńgílándì àti Wales, kò dúró de ìgbà tí a bá hùwà ìkà kí ó tó dá ènìyàn lẹ́jọ́. Ó pàṣẹ pé kí ẹni tí ó ní ẹranko pèsè àyíká tí ó yẹ, oúnjẹ tí ó yẹ, àyè láti hu ìwà àdánidá, ìbágbé tàbí ìyàsọ́tọ̀ kúrò lọ́dọ̀ ẹranko mìíràn bí ó ti tọ́, àti ààbò kúrò lọ́wọ́ ìrora àti àìsàn. Ìjọba gbé ìwé ìlànà kan jáde fún Ẹ́ńgílándì ní ọdún 2017 tí ó ṣàlàyé bí èyí ṣe kan ológbò. Láti ọdún 2021, ìjìyà tí ó ga jù fún ìwà ìkà sí ẹranko níbẹ̀ ti di ẹ̀wọ̀n ọdún 5. Láti ọjọ́ 10 oṣù kẹfà ọdún 2024, ológbò tí a ń sìn ní Ẹ́ńgílándì gbọ́dọ̀ ní ṣíìpù ìdánimọ̀ lábẹ́ awọ rẹ̀ kí ó tó pé ọ̀sẹ̀ 20, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ a lè bu owó ìtanràn tí ó tó £500 lé ẹni tí ó ni ín. Àwọn Yorùbá tí ń gbé ní Ẹ́ńgílándì, tí wọ́n sì ń sin ológbò, wà lábẹ́ òfin yìí bíi gbogbo ará ìlú.

Ní orílẹ̀-èdè Nàìjíríà, abala 495 nínú òfin ìwà ọ̀daràn ti ìjọba àpapọ̀ ka ìwà ìkà sí ẹranko sí ẹ̀ṣẹ̀. Ìjìyà rẹ̀ ni ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà tàbí owó ìtanràn 50 náírà, tàbí méjèèjì.

## Ní ilẹ̀ Yorùbá

Ní ilẹ̀ Yorùbá, eku ni ó sábà ń mú kí a sin ológbò, tí a tún ń pè ní ológìnní. Òwe sọ pé bí ológìnní bá re àjò, ilé a di ilé èkúté. Iṣẹ́ tí a gbé lé e lọ́wọ́ yìí ni ó bí àwọn ìṣòro kan tí ó kan ìgbáyé-gbádùn rẹ̀.

Ìkíní ni èrò pé ebi ni ó ń mú ológbò ṣọdẹ, nítorí náà kò yẹ kí a fún un ní oúnjẹ. Ìwà ọdẹ kò so mọ́ ebi nìkan: ológbò tí ó yó a máa lé eku, a sì máa pa á. Ìkejì ni oògùn eku. Ọ̀pọ̀ ilé ni ó ń sin ológbò tí ó tún ń dẹ oògùn fún eku ní àkókò kan náà. Ara eku tí ó ti jẹ májèlé kò le mọ́, ó sì rọrùn fún ológbò láti mú. Májèlé náà á sì wọ inú ológbò. Àwọn oògùn eku kan ń mú kí ẹ̀jẹ̀ má lè dì mọ́, ẹranko náà yóò sì máa ṣẹ̀jẹ̀ sínú. Ilé tí ó bá ní ológbò yẹ kí ó fi pàkúté tàbí dídí ihò dípò oògùn. Ìkẹta ni okùn. Ológbò tí a so mọ́ ẹsẹ̀ tábìlì nínú ṣọ́ọ̀bù kò lè sá, kò lè gun òkè, kò lè yàgbẹ́ jìnnà sí oúnjẹ rẹ̀, kò sì lè lé eku tí a torí rẹ̀ so ó.

Ìgbàgbọ́ tí ó so ológbò, pàápàá èyí tí ó dúdú, mọ́ àjẹ́ ti mú kí a sọ ọ̀pọ̀ wọn lókùúta tàbí kí a pa wọ́n. Igbe òru tí ó ń dẹ́rù ba ènìyàn, tí ó máa ń dà bí ẹkún ọmọ ọwọ́, sábà máa ń jẹ́ igbe abo tí ó ń wá akọ, tàbí ti àwọn akọ tí ń jà nítorí rẹ̀. Igbe yìí máa ń dópin nígbà tí a bá ṣe iṣẹ́ abẹ fún abo, tí a sì tẹ akọ lọ́dàá. Àwọn dókítà ẹranko ń ṣe iṣẹ́ abẹ yìí, wọ́n sì ń fún ológbò ní abẹ́rẹ́ àjẹsára. Ilé ìwòsàn ẹranko tí ó jẹ́ ti ẹ̀kọ́ṣẹ́ wà ní yunifásítì ní Ìbàdàn, ní Abẹ́òkúta àti ní Ìlọrin.